Mo lọ wo òkúta ìrántí àwọn awakẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ní abúlé Sledmere

Ìràwọ̀ márùn-ún nínú márùn-ún ni mo fún un, ká tiẹ̀ ti mú ìyẹn kúrò ńlẹ̀ ná.

Èmi àti ìyàwó mi la gbé mọ́tò láti Hull lọ́jọ́ Sátidé, a kàn ní ká lọ gba atẹ́gùn lápá Yorkshire Wolds nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbi tó jẹ́ pé oko àlìkámà lẹ máa rí lọ́tùn-ún lósì, a kọjá ìlú Driffield, kò sì pẹ́ tá a fi dé abúlé kékeré yìí. Ẹ mọ̀ pé àwọn abúlé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ò ní òkúta ìrántí ogun ò pọ̀. Àgbélébùú òkúta ló sábà máa ń jẹ́, wọ́n á to orúkọ àwọn tó kú sí i lára, wọ́n á fi òdòdó pópì pupa sídìí ẹ̀. Mo ti kọjá lára wọn títí débi pé mi ò kì í wò wọ́n mọ́. Ti Sledmere yìí ló dá mi dúró.

Ẹ̀gbẹ́ títì ló wà, ó rí róbótó, kò ga púpọ̀, opó ńlá wà láàárín, àwọn opó kéékèèké wá yí i ká, òrùlé ẹ̀ sì ṣe ṣóńṣó bí àká tí wọ́n ń kó àgbàdo sí lóko. Àwòrán ni wọ́n gbẹ́ yí opó àárín yẹn ká ní ìpele mẹ́ta, torí náà ẹ ò lè dúró síbì kan kẹ́ ẹ rí i tán, àfi kẹ́ ẹ máa yí i po. Èmi yí i tó ìgbà mẹ́rin.

Ìtàn tó wà lára ẹ̀ ló mú mi. Sir Mark Sykes tó ni ilẹ̀ àgbègbè yẹn ló kó àwọn lébìrà oko tó mọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin wà dáadáa jọ kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ju 1,000 lọ, ó wá bá ìjọba sọ ọ́ pé tí ogun bá dé àwọn ni kí wọ́n máa fi kó ẹrù sójà. Pọ́n-ùn kan lọ́dún ni wọ́n ń fún awakẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n tún máa ń ṣe ìdíje fún wọn kí wọ́n lè mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n wà jù. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ológun gidi kankan, wọn ò kọ́ wọn. Àfi ìgbà tó di August 1914, ìkórè ń lọ lọ́wọ́, ìwé ìpè dé bá wọn nínú oko níbẹ̀! Gbogbo ẹ̀ ló wà lára òkúta yẹn, ẹni tó ń fọwọ́ síwèé, àwọn tó ń kórè, ìgbà tí wọ́n ń dágbére fún ará ilé, ìgbà tí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi lọ Faransé, títí dójú ogun.

Ewì wà níbẹ̀ tí Sykes fúnra ẹ̀ kọ, kì í sì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì ilé ìwé ló fi kọ ọ́, èdè àwọn ará oko Yorkshire ni. Ibẹ̀ lara mi ti bù máṣọ o. Ọmọ Èkìtì ni ìyá mi, mo kàn ń rò ó pé ká sọ pé mo dé ìlú wa kí n bá ìrántí àwọn ọmọ ìlú tó kú lójú ogun, kó jẹ́ pé Èkìtì tí màmá mi ń fọ̀ ni wọ́n fi kọ ọ́ sára òkúta. Oríkì ni wọ́n ki àwọn èèyàn yẹn, wọ́n sì fi èdè tí àwọn fúnra wọn gbọ́ kì wọ́n.

Ibi kan wà níbẹ̀ tó le láti wò. Sójà Jámánì kan di irun obìnrin kan mú, ó fẹ́ fi idà bẹ́ ẹ lórí, wọ́n tún gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì tó ń jóná. Ìyàwó mi ní irú nǹkan yìí ò yẹ lójú títì tí ọmọdé ń gbà kọjá. Mo gbọ́ ọ, àmọ́ lójú tèmi, inú tó ń bí àwọn èèyàn yẹn nígbà náà nìyẹn, ká fi sílẹ̀ bó ṣe wà, kí òbí sọ fọ́mọ pé bí wọ́n ṣe kórìíra ara wọn tó nìyẹn. A ṣe àríyànjiyàn yẹn dé ilé.

Sykes ò rí ọjọ́ tí wọ́n ṣí i o, ní 1920. Òun ló yàwòrán ẹ̀, Carlo Domenico Magnoni ló gbẹ́ ẹ, àmọ́ àìsàn ọ̀fìnkìn burúkú ọdún yẹn lọ́hùn-ún ló pa Sykes ní Paris ní February 1919, kò tíì pé ogójì ọdún. (Òun náà ló bá Picot ará Faransé ṣe àdéhùn lórúkọ ìjọba wọn ní 1916 láti pín ilẹ̀ àwọn Lárúbáwá, ìyẹn ọ̀rọ̀ míì.)

Ẹ má wo ìyẹn tán kẹ́ ẹ wá máa lọ o. Òkúta ìrántí kejì wà nínú abúlé yẹn náà, èyí ga fíofío, wọ́n ń pè é ní Eleanor Cross, ó ti wà níbẹ̀ kí ogun tó dé, ẹ̀yìn ogun ni wọ́n wá fi àwòrán idẹ àwọn ọmọ àdúgbò tó kú sí i lára. Wọ́n yà wọ́n bí akọni ayé àtijọ́. Àní ọmọ abúlé tó jẹ́ pé oko ni wọ́n ti pè é! Sykes náà wà níbẹ̀, ẹ̀wù irin ló wọ̀.

Ohun tí mi ò lè gbé kúrò lọ́kàn nìyí. Iṣẹ́ kan náà, ìyẹn ká máa gbé ẹrù tẹ̀ lé sójà, làwọn alárùú wa ṣe nínú ogun kan náà, wọ́n kó wọn láti Nàìjíríà lọ Kamẹrúùnù lọ Ìlà-oòrùn Áfíríkà, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn, orí ni wọ́n fi rù ú, kò sí ẹṣin kò sí kẹ̀kẹ́. Lọ́dún 2021 ni Commonwealth War Graves Commission tó ń tọ́jú sàárè àwọn tó kú sógun jẹ́wọ́ pé ó kéré tán 116,000 èèyàn, ó sì lè tó 350,000, ni wọn ò kọ orúkọ wọn síbi kankan tàbí tó jẹ́ pé wọn ò tiẹ̀ ṣe ìrántí kankan fún rárá, àwọn ará Ìlà-oòrùn Áfíríkà àti Íjíbítì ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ó dùn mí gan-an. Inú mi dùn fáwọn ará Sledmere, mo kàn fẹ́ irú ẹ̀ fáwọn tiwa náà ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ ò ní sanwó kankan láti wo òkúta méjèèjì, ìta gbangba ni wọ́n wà. Mùsíọ́ọ̀mù àwọn awakẹ̀kẹ́ yìí wà ní Sledmere House, kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà ni wọ́n ń ṣí i, torí náà ẹ yẹ íntánẹ́ẹ̀tì wò kẹ́ ẹ tó gbéra. Mọ́tò tiyín ló dáa jù, bọ́ọ̀sì ò pọ̀ lápá ibẹ̀. Ẹ lọ tí oòrùn bá ń lọ sílẹ̀ díẹ̀, òjìji á jẹ́ kẹ́ ẹ rí ojú àwọn tí wọ́n gbẹ́ yẹn dáadáa. Ìyàwó mi ti ní ká padà lọ ní November, lọ́jọ́ Sunday ìrántí, òun fẹ́ fi òdòdó síbẹ̀.