Kita-Kamakura: Tẹ́ḿpìlì àti Òdòdó Lẹ́bàá Ojú Irin

Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ ní Kita-Kamakura, ibùdókọ̀ ojú irin kékeré kan ní Japan tí kò jìnnà sí Tokyo, kò ní í rìn jìnnà kí ó tó dé Engaku-ji, tẹ́ḿpìlì ẹlẹ́sìn Búdà tí Hojo Tokimune, tó ń ṣàkóso Japan nígbà náà, dá sílẹ̀ ní ọdún 1282, nítorí pé inú ilẹ̀ tẹ́ḿpìlì náà gan-an ni ojú irin gbà kọjá. Mo gun àtẹ̀gùn lọ wo agogo ńlá tí wọ́n rọ ní ọdún 1301, mo sì dúró tì í pẹ́.

Síbẹ̀, Meigetsu-in, tẹ́ḿpìlì mìíràn nítòsí, ló wọ̀ mí lọ́kàn jù. Ní oṣù kẹfà, tí í ṣe àkókò òjò wọn, òdòdó ajisai aláwọ̀ búlúù a máa bo ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn òkúta rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ẹ̀kán omi ṣì wà lórí ewé wọn nígbà tí mo dé, ìdì òdòdó kọ̀ọ̀kan sì kún ọwọ́ méjèèjì. Èrò pọ̀ púpọ̀, nítorí náà ẹ tètè jí lọ.

Ẹ má ṣe fo Tokei-ji, tẹ́ḿpìlì kan níbẹ̀ bákan náà, níbi tí àwọn obìnrin tí ìgbéyàwó ni lára ń sá sí láyé àtijọ́ kí wọ́n lè gba ìkọ̀sílẹ̀.