Àgbéyẹ̀wò R: Ìṣirò Rẹ̀ Dára, Gbígbé Package Wọlé Ló Ní Ọ̀ràn

Iṣẹ́ tí mo ń fi R, èdè kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe ìṣirò dátà, ṣe ní Àbújá ni ìṣirò dátà tí a ń gbà lọ́dọ̀ àwọn ìdílé ní Ìpínlẹ̀ Niger, Nasarawa àti Kaduna, àti yíya máàpù àwọn abúlé tí a ti gbà á. Ross Ihaka àti Robert Gentleman ló bẹ̀rẹ̀ R ní Yunifásítì Auckland ní New Zealand. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì sí owó tí à ń san lọ́dọọdún kí ó tó ṣiṣẹ́. Ní ti ìṣirò gan-an, n kò ní ẹjọ́ kankan bá a rò. Ìgbà tí ènìyàn bá fẹ́ fi package, ìyẹn àkójọ kóòdù tí àwọn mìíràn ti kọ sílẹ̀, kún un ni wàhálà máa ń dé, apá yẹn ni mo sì fẹ́ yẹ̀ wò.

Àléébù rẹ̀ àkọ́kọ́ ni pé kì í fi ohun tó ṣe é síbi tí ojú máa ń kọ́kọ́ lọ. Ìlà tó máa ń kẹ́yìn, èyí tí àwọn agùnbánirọ̀ ọ́fíìsì wa máa ń ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ni “non-zero exit status”, kò sì sọ ju pé iṣẹ́ náà kò yọrí lọ. Ẹ padà sókè, kí ẹ wá ìlà àkọ́kọ́ tí ERROR wà. Bí ẹ bá ń gbé sf, tí a fi ń ya máàpù, sórí Ubuntu (ẹ̀yà Linux kan), ẹ lè bá a níbẹ̀ pé package kan tó ń jẹ́ units ni kò sí. Ẹ fi sf sílẹ̀ ná, kí ẹ gbé units nìkan: òun náà lè kọ̀, ṣùgbọ́n yóò sọ ní tirẹ̀ pé libudunits2, àkójọ kóòdù kan tó yẹ kó wà lórí Ubuntu fúnra rẹ̀, ni òun kò rí, yóò sì dárúkọ libudunits2-dev tí ẹ máa fi àṣẹ apt ti Ubuntu gbà. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn lọ sin gbèsè, tí onígbèsè ní kó lọ bá ẹni tó jẹ òun náà lówó. Nígbà tó jẹ́ pé sf fúnra rẹ̀ á tún béèrè libgdal-dev, libgeos-dev àti libproj-dev, ó sàn kí ẹ kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọlé lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìyọnu yẹn kò pọ̀ lórí Windows, torí pé CRAN, ibi tí a ti ń gba package R lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti máa ń ṣe package sílẹ̀ fún wọn. Kìkì pé bí ẹ̀dà tuntun bá ti jáde, tí èyí tí wọ́n ṣe sílẹ̀ kò sì tíì dé, R á béèrè bóyá kí òun kọ́ ọ láti orí kóòdù. Ẹni tí kò bá ní Rtools (irinṣẹ́ tí a fi ń kọ́ package láti orí kóòdù lórí Windows) tó bá ẹ̀dà R rẹ̀ mu, bíi Rtools44 fún R 4.4, kí ó dáhùn pé “no”.

Nẹ́tíwọ̀kì tiwa níhìn-ín náà ń dá kún un. Ìṣẹ́jú-àáyá 60 péré ni R fi ń dúró de fáìlì kan kó tó jọ̀wọ́ rẹ̀, èyí tí kò tó fún package ńlá ní ìrọ̀lẹ́ ní Kubwa, nígbà tí gbogbo àdúgbò bá wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ kọ options(timeout = 600) kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀; ó ń dín dátà tó ń ṣòfò kù. Bí iná bá sì lọ láàárín iṣẹ́, fódà kan tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 00LOCK lè kù sílẹ̀, kó máa dí ọ̀nà. Ẹ pa á rẹ́, kí ẹ tún gbìyànjú.

Èyí tí n kò lè gbójú fò ni ìkìlọ̀ “is not available for this version of R”, ìyẹn pé package náà kò sí fún ẹ̀dà R yìí. Bí ẹ bá kọ Ggplot2 dípò ggplot2, R á rán yín létí orúkọ tó tọ́, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ kan náà ló ń fún ẹni tó bá wá rgdal, rgeos tàbí maptools, tí wọ́n fẹ̀yìn tì ní oṣù kẹwàá ọdún 2023. Ẹni tó bá jogún kóòdù máàpù àtijọ́ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ á rò pé R òun ló ti gbó, á sọ owó dátà sí ẹ̀dà tuntun, ìkìlọ̀ náà kò sì ní kúrò, nígbà tó jẹ́ pé sf àti terra ló yẹ kó kọ́. Nínú ìràwọ̀ 5, mo fún R ní 4; ìkìlọ̀ yìí ló gba ìkan tó kù.