Gáàsì ìgbẹ́ màlúù tí mo ṣe sóko: ṣé owó wà níbẹ̀ lóòótọ́?

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ torí àwọn tó ń kánjú. Ẹ̀rọ yìí ń ṣiṣẹ́, gáàsì ń jáde, a sì ń fi se oúnjẹ, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ torí gáàsì nìkan lẹ ṣe fẹ́ náwó sí i, ẹ fi owó yín sápò o jàre. Omi dúdú tó ń jáde lẹ́yìn ẹ̀ ni owó wà, ìyẹn ajílẹ̀. Àwọn tó ń ta ọjà yìí kì í sọ bẹ́ẹ̀ fún èèyàn, torí iná ló dùn ún polówó.

Èyí tí mo ṣe, táńkì abẹ́ ilẹ̀ ni, wọ́n fi bíríkì àti sìmẹ́ńtì mọ ọ́n roboto, cubic mítà 6, ìyẹn lítà 6,000. Oko wa wà lẹ́yìn Mọ́níyà, lọ́nà Ọ̀yọ́, ojú kan la sì ń so màlúù wa mọ́, ìyẹn ṣe pàtàkì gan-an torí màlúù tó bá ń jẹko kiri, inú igbó ló máa yàgbẹ́ sí, ta ló fẹ́ máa gbé ṣọ́bìrì tẹ̀ lé e káàkiri? Owó tí àwọn tó ṣe é gbà lé ní mílíọ̀nù kan. Mi ò ní dárúkọ wọn, a ṣì jọ ń ṣe.

Láràárọ̀, ọmọ tó ń bá wa ṣiṣẹ́ á kó ìgbẹ́ bíi 60 kg sínú kòtò kékeré tó wà lẹ́nu táńkì, á da omi tó tó ìwọ̀n ìgbẹ́ yẹn sí i, á máa rò ó títí á fi dà bí ògì, á ṣa koríko àti òkúta kúrò, á wá ṣí i kó ṣàn wọlé. Nínú lọ́hùn-ún tí atẹ́gùn ò dé, àwọn kòkòrò aláìfojúrí ló máa jẹ ẹ́ tí wọ́n á tú gáàsì jáde, mẹ́táànì, èyí tó ń gbaná, ló pọ̀ jù níbẹ̀, bíi 50 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Kí ẹnikẹ́ni má fi omi ọṣẹ tàbí Izal fọ ilé màlúù kó wá gbá a sínú táńkì o, ẹ máa pa gbogbo kòkòrò yẹn ni. Nígbà tí a kọ́kọ́ rọ ọ́ kún, nǹkan bí oṣù kan la fi ń wojú ara wa, gáàsì àkọ́kọ́ tó sì jáde, a ṣáná sí i, kò gbaná rárá. Kábọ́nì dàióksáìdì, tí kì í gbaná, ló pọ̀ nínú ti àkọ́kọ́, ẹ tú u dànù, ẹ má jáyà, èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn á jó búlúù.

Ó yá, ká ṣírò. Ìgbẹ́ 60 kg yẹn máa fún yín ní gáàsì bíi cubic mítà 2 lójúmọ́, agbára ẹ̀ ò sì ju ti gáàsì ọjà tí ò pé kílò kan lọ. Ẹ kó gbogbo ẹ̀ jọ fún oṣù kan, sílíńdà 12.5 kg méjì ni, ó lé díẹ̀. Ó dáa fún ilé, ìyàwó mi ò ra èédú mọ́, àmọ́ ṣé ìyẹn lẹ fẹ́ pè ní bísínẹ́ẹ̀sì? Ẹ ò sì lè tà á, torí mẹ́táànì kì í di omi nínú sílíńdà bíi ti gáàsì tí à ń rà, ẹ̀rọ alágbára ló ń tẹ̀ ẹ́ wọlé, wọ́n á sì kọ́kọ́ sẹ́ ẹ. Mo ti gbọ́ ẹni tó fẹ́ fi kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fọ́kanáísà rọ ọ́ sí sílíńdà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò, ẹ̀mí ò láàrọ̀. Ti jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Cubic mítà kan ò ju bíi 2 kWh iná lọ, ìyẹn tí ẹnjìnnì ẹ̀ bá dáa. Ẹni tó ní ọgọ́rùn-ún màlúù ló lè máa ro ìyẹn.

Ajílẹ̀ wá ni. Lójúmọ́, ohun tó ń jáde lódìkejì tó kẹ́ẹ̀gì 25 lítà mẹ́rin, ₦500 la ń ta kẹ́ẹ̀gì kan, ẹ rí i pé ó ti ju owó gáàsì yẹn lọ. Màmá kan tó ń gbin tẹ̀tẹ̀ àti ewédú létí odò ló kọ́kọ́ rà á, wọ́n ṣí kẹ́ẹ̀gì, wọ́n gbóòórùn ẹ̀, wọ́n ní "Ṣé kì í ṣe ti ẹlẹ́dẹ̀ ṣá?" Mo ní rárá o, màmá, màlúù ni. Ebè méjì péré ni wọ́n bù ú sí, wọ́n fi ìyókù sílẹ̀ kí wọ́n lè rí ìyàtọ̀. Kò pẹ́ táwọn àti ọmọ wọn fi padà wá tàwọn ti kẹ́ẹ̀gì òfìfo. Kì í rùn bí ìgbẹ́ tútù, eṣinṣin ò sì fi bẹ́ẹ̀ bò ó. Ṣùgbọ́n ẹ bomi là á, ìdí ẹ̀fọ́ ni kẹ́ ẹ bù ú sí, kì í ṣe orí ewé, torí kì í ṣe gbogbo kòkòrò àrùn ló ń kú nínú táńkì. Ẹ sì máa bo ibi tẹ́ ẹ bá tọ́jú ẹ̀ sí, oòrùn máa ń gbé náítírójìn inú ẹ̀, oúnjẹ ewéko, lọ. Ẹ̀ẹ̀rùn ló ń tà jù, tójò bá dé, a máa ń pò ó mọ́ ìyẹ̀fun pákó, a sá a, a dì í sápò.

Àwọn tó ṣe é wá dùn mí díẹ̀. Iṣẹ́ bíríkìlà wọn mọ́, mi ò purọ́, táńkì ò jò. Àmọ́ wọn ò fi ibi tí omi ti ń sẹ̀ kúrò sí páìpù gáàsì, omi tó ń bá gáàsì jáde wá ń kóra jọ sínú rọ́bà, iná á kàn máa ta pọ́ọ́-pọ́ọ́, á kú. Mo pè wọ́n títí, "à ń bọ̀ lọ́la" ni ṣáá, púlọ́mbà àdúgbò ló bá mi fi T àti tápù sí ìsàlẹ̀ páìpù, ó tán. Wọn ò tún sọ fún mi pé gáàsì olóòórùn ẹyin bàjẹ́ tó wà níbẹ̀ máa ń jẹ irin sítóòfù. Báyìí, ike tí mo rọ èérún irin tó ti dógùn-ún sí ló ń gbà kọjá, mò ń pààrọ̀ ẹ̀.

Mo fún táńkì ní 4 nínú 5, àwọn tó ṣe é, 2.

Ẹni tó bá fẹ́ rí èyí tó tóbi kó tó náwó, kó lọ sí oko ńlá tí wọ́n ń pè ní Songhai ní Àjàṣẹ́, Porto-Novo, tí Fadá Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985. Ẹran, ẹja, ẹ̀fọ́ àti gáàsì ìgbẹ́, wọ́n so gbogbo ẹ̀ pọ̀ ni, ìdọ̀tí ibí ni oúnjẹ ọ̀hún.

Ẹ̀yin aládìyẹ, ìgbẹ́ tiyín lágbára ju ti màlúù lọ, àmọ́ amóníà ẹ̀, ìyẹn gáàsì tó máa ń ta síni nímú, le, ìyẹ́ àti yanrìn sì máa ń dí táńkì. Ẹ pò ó mọ́ ti màlúù, ẹ bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ bá fún adìyẹ ní antibiotics, oògùn tó ń pa kòkòrò aláìfojúrí, ẹ má da ti ọ̀sẹ̀ yẹn sí i rárá.