Ríra iyùn fún ìgbéyàwó tàbí oyè: Kàbà, Bìní, Èkó, àbí orí fóònù?

Bí ẹ bá ń múra ìgbéyàwó, tàbí tí wọ́n fẹ́ fi ẹnì kan yín joyè ní Kàbà, Ìyàrà, Mọ̀pà tàbí Ìsánlú, owó iyùn kì í ṣe owó kékeré. Ohun tí mo fi ń díwọ̀n ọlọ́jà kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé á jẹ́ kí n dán iyùn náà wò kí n tó sanwó?

Àwọn tó ń sín ìlẹ̀kẹ̀ ní Kàbà àti Lọ́kọ́ja ló sún mọ́ wa jù. Wọ́n á wọn ọrùn àti ọwọ́ yín, bí okùn bá sì já lọ́la, ẹ mọ ilé wọn. Fún ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tàbí ike tí àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó máa wọ̀ lọ́jọ́ kan, èmi ò ní wá ibòmíràn lọ. Àmọ́ bí wọ́n bá ní iyùn gidi, ìlú mìíràn ni wọ́n ti lọ rà á, èrè tiwọn á sì ti gorí owó rẹ̀. Ẹ lè ra ẹyọ rẹ̀ níbòmíràn, kí ẹ wá gbé e fún wọn sín.

Bìní ni mo máa ń júwe fún ẹni tó fẹ́ joyè. Ẹ gba Òkéné, ẹ gba Auchi, ẹ ti ń dé ibẹ̀. Láti ayé tí àwọn Potogí ti ń bá ọba wọn ṣòwò, ní nǹkan bí 1500, ni iyùn Òkun Mẹditaréníà ti ń wọ ìlú náà, ààfin kò sì fi í ṣeré títí dòní. Ọlọ́jà tó ń tà fún irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ mọ ojúlówó. Àyédèrú wà níbẹ̀ náà o, àlejò tí kò mọ iye ọjà á sì san owó àlejò. Ẹ mú ẹni tó gbọ́ èdè wọn dání.

Èkó, ní Balógun, dára fún ẹni tó fẹ́ rà púpọ̀. Èrò pọ̀ jù níbẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ yẹ ẹyọ kọ̀ọ̀kan wò.

Ti orí fóònù ńkọ́? Nínú àwòrán, ike máa ń dán bí iyùn. Bí ẹni náà kò bá gbà kí ẹ yẹ ọjà wò kí ẹ tó sanwó, ẹ fi í sílẹ̀.

Ìdánwò náà kò le. Egungun ẹ̀dá wẹ́wẹ́ inú òkun ni iyùn, irú èròjà tó wà nínú ìkarahun ìgbín ló sì wà nínú rẹ̀. Ẹ gbé e kan ẹ̀rẹ̀kẹ́: á tutù, á sì wúwo ju ike lọ. Gíláàsì náà máa ń tutù, torí náà ẹ gbé e sójú oòrùn. Bí ẹ bá rí ihò afẹ́fẹ́ róbótó nínú rẹ̀, gíláàsì ni. Ara iyùn gidi máa ń ní ìlà tín-ín-rín tó tò lọ gbọọrọ. Ẹ wá kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ihò ẹyọ kan: iyùn á hó, ike àti gíláàsì kò ní ṣe nǹkan kan. Ẹ nù ún kíá, torí omi ọsàn máa ń pa dídán rẹ̀.

Èyí tó ń tan èèyàn jẹ jù ni iyùn funfun tí wọ́n pa láró pupa, torí òun náà á hó. Ẹ fi oògùn tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà èékánná kúrò rẹ òwú, kí ẹ fi pa á lára. Bí pupa bá yọ sára òwú, owó èyí tí wọ́n pa láró ni kí ẹ ná an.