Prospect of Whitby tàbí Mayflower: ilé ọtí àtijọ́ méjì létí odò Thames ní London

Ọkọ̀ ojú irin kò dúró níbì kankan láàárín wọn: Wapping ni wàá ti sọ̀ fún Prospect, Rotherhithe fún Mayflower. Abẹ́ odò ni ọkọ̀ ń gbà, nínú ihò tí Marc Brunel gbẹ́, tí wọ́n ṣí ní 1843.

Prospect ní òun ti wà láti nǹkan bí 1520. Àyè gbà á, ó dára fún ẹgbẹ́ èèyàn. Àtẹ̀gùn Pelican Stairs tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó sọ̀kalẹ̀ sí etí omi, ń yọ̀. Ìgbà tí omi bá fà nìkan ni kí o sọ̀ ọ́, torí láàárín bíi wákàtí mẹ́fà omi á ti kún padà.

Mayflower há díẹ̀, àmọ́ èmi á yàn án fún ẹni méjì. Orúkọ ọkọ̀ ojú omi tó lọ sí Amẹ́ríkà ní 1620 ló ń jẹ́. Orí pákó tó nà sórí omi ni kí o jókòó sí, nígbà tí omi bá kún. Tètè dé, àga ibẹ̀ kò pọ̀.