Mo gbé Linux Mint sórí ThinkPad tòkunbọ̀ mi, ohun tí mo rí rèé

Ẹ̀yin tí laptop yín ti ń fà bí ìgbín, ẹ má tíì tà á o. ThinkPad T450 ni tèmi, 4GB RAM, ọjà ọdún 2015, Windows 11 ò gbà á rárá torí prósẹ́sọ̀ ẹ̀ ti pẹ́ jù, Microsoft náà sì ti ní àwọn ò tọ́jú Windows 10 mọ́ láti October 14, 2025. Ṣé kí n wá jù ú sí ààtàn ni? Mo bá gbé Linux Mint sí i, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows.

Xfce ni mo mú, òun ló fúyẹ́ jù nínú oríṣi mẹ́ta tí Mint ní, Cinnamon àti MATE ni ìyókù. Ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ fáìlì ẹ̀ sún mọ́ 3GB, ẹni tí dátà ẹ̀ ò pọ̀ kó yáa wá Wi-Fi ọ̀rẹ́ lọ.

Ohun tó wù mí jù ni pé ẹ lè tọ́ ọ wò kẹ́ ẹ tó gbà á. Ẹ ó kọ ọ́ sórí fíláàṣì, ẹ tan laptop, ẹ máa tẹ F12 (ti ThinkPad nìyẹn o, kọ́kọ́rọ́ tàwọn míì yàtọ̀), ẹ mú fíláàṣì, ó ti wọlé nìyẹn, kò fọwọ́ kan Windows yín. Ẹ yẹ Wi-Fi wò, ẹ gbọ́ bóyá ó ń dún, ẹ ṣí kámẹ́rà. Ó máa lọ́ra díẹ̀ torí orí fíláàṣì ló ti ń ṣiṣẹ́, ẹ má tìtorí ìyẹn bú u. Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ install, ó máa bi yín bóyá kóun àti Windows jọ máa gbé ni àbí kóun pa gbogbo ẹ̀ rẹ́, ojú ibẹ̀ yẹn ni kẹ́ ẹ ti la ojú yín dáadáa, kẹ́ ẹ sì ti kó fọ́tò àti ìwé yín pamọ́ kẹ́ ẹ tó débẹ̀.

Ó yá gan-an báyìí. Update ò ní dédé restart mọ́ ẹ lọ́wọ́, ìgbà tó bá wù ẹ́ lo máa ṣe é. Kíbọọ̀dù Yorùbá náà wà nínú ẹ̀, abẹ́ Nigeria ló wà, inú mi dùn débi! Ṣùgbọ́n 4GB ṣì ni 4GB o, tó o bá ṣí tábù rẹpẹtẹ nínú Firefox, á bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ.

Ibi tó ti ń bí mi nínú ni Microsoft Office. LibreOffice, ètò tí wọ́n fi ń kọ̀wé, ló wà níbẹ̀ dípò ẹ̀, ó ń ṣí docx (fáìlì Word) lóòótọ́, àmọ́ tébù tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi máa ń yẹ̀ gẹ̀rẹ̀, mo wá ń tún un tò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi CorelDRAW ṣe ìwé ìpè jẹun, kò sí ti Linux, ẹ jókòó ti Windows yín jàre.