Fálùfù kẹta ò padé, ni wọ́n bá ní kí n ra tuntun

Ẹ jẹ́ kí n tètè kọ èyí kí inú tó ń bí mi tó rọ̀. Ẹ̀rọ ìfínoògùn alápá gígùn tá a máa ń gbé sẹ́yìn katakata, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, mi ò ní máa ka iye lítà tí táǹkì ẹ̀ ń gbà fún yín. Apá ẹ̀rọ náà pín sí ọ̀nà mélòó kan, fálùfù tí iná ń yí ló ń ṣí oògùn tàbí sé e fún apá kọ̀ọ̀kan. Wáyà tó ń gbé iná lọ síbẹ̀ ni mo bá wá, àti àwọn tó tà á fún mi tí wọ́n tún ń bá mi tún un ṣe.

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ, mo ń fín oògùn apakoríko lọ jẹ́jẹ́ mi, mo dé igun tí mo ti fín kọjá tẹ́lẹ̀, mo pa súìṣì apá kẹta, iná orí bọ́kísì kú lóòótọ́. Mo bojú wẹ̀yìn báyìí, oògùn ṣì ń tú níbẹ̀ wàà. Mo tan súìṣì, mo tún pa á, pàbó. Kí n tó rí katakata dá dúró, ibẹ̀ ti mu oògùn lẹ́ẹ̀mejì, nígbà tó fi máa di ọjọ́ mélòó kan ilà kan ti là gbọọrọ láàárín ọ̀gbìn mi, gbogbo ewé ibẹ̀ pọ́n, ó rọ.

Ohun tó wá dà mí lọ́kàn rú ni pé tí mo bá délé tí mo ká apá ẹ̀rọ mọ́ra, fálùfù yẹn á máa ṣí, á máa padé bí ọmọ gidi. Kí n ti nà án tán lóko ni, ó di olórí kunkun.

Mo pè wọ́n. Ẹni tó gbé fóònù ní "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti pa á kẹ́ ẹ tún tàn án?" Mo ní mo ti ṣe é. "Fíúùsì ńkọ́?" Mo ní fíúùsì kan ló ń gbé gbogbo fálùfù, tó bá jó ṣé apá kẹta nìkan ló máa mọ̀ ọ́n? Ó dákẹ́. Lọ́jọ́ kẹta wọ́n rán oníná wọn wá. Kì í ṣe pé ọkùnrin náà ya ọ̀lẹ o, ó tẹ́ aṣọ sílẹ̀, ó wọ abẹ́ ẹ̀rọ, ó yọ kànẹ́kítọ̀ (ẹnu tí wáyà fi wọ fálùfù) lára fálùfù, ó ki ẹnu mítà tó fi ń wọn iná bọ̀ ọ́, mítà ní fóòtì 12.4, ó bá dìde. "Iná ń dé bẹ̀ dáadáa sà, fálùfù yín ló kú." Mo ní ṣebí ó ń ṣiṣẹ́ nílé. Ó ní bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn tó bá fẹ́ kú. Mo gbà á gbọ́, mo ra tuntun lọ́wọ́ wọn, mo dè é, mo gba oko lọ, apá kẹta ò padé!

Ariwo tí mo pa lórí fóònù lọ́jọ́ yẹn, ojú ń tì mí díẹ̀ báyìí. Wọ́n sáré gbé fóònù fún ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù wọn, ó jẹ́ kí n pariwo tán, ló bá ní "Ẹ má bínú sà. Nígbà tí wọ́n ń fi mítà wò ó, ṣé fálùfù wà lẹ́nu wáyà àbí wọ́n ti yọ ọ́?" Mo ní wọ́n ti yọ ọ́. Ó kàn ní "Háà."

Ó wá ṣàlàyé: mítà kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ fa iná rárá, nítorí náà bó bá ṣẹ́ ku fọ́nrán kan péré nínú wáyà, mítà á ṣì rí fóòtì 12. Fálùfù ló máa fa iná, bó bá ti ní kóun yí báyìí, iná á já wálẹ̀, fálùfù á sì dúró síbi tó wà, ìdí nìyẹn tí tèmi fi ṣí sílẹ̀ kalẹ̀. Ó ní kí n fi kànẹ́kítọ̀ 3 sórí fálùfù 4, kí n fi ti 4 sórí 3. Mo ṣe é, fálùfù 3 padé pẹ́ẹ́, 4 wá bẹ̀rẹ̀ agídí. Wáyà 3 ló níṣòro nìyẹn, kì í ṣe fálùfù. Ìṣẹ́jú méjì o! Ohun tí mo fi owó fálùfù rà rèé. Ó ní kí n wá bọ́ọ̀bù iná iwájú ọkọ̀ dè mọ́ ẹnu wáyà náà, ó pọ́n ròrò bí ẹyin iná tó fẹ́ kú. Ọmọ mi wá ń mi wáyà lọ díẹ̀díẹ̀, bó ṣe kan ibi híńjì tí apá ti ń ká, bọ́ọ̀bù tàn yòò, ó kú, ó tún tàn.

A la rọ́bà ẹ̀. Bàbà inú ti di àwọ̀ ewé, òmíràn ti dúdú, fọ́nrán méjì ló ṣẹ́ kù. Ojú abẹ́rẹ́ kan sì wà lára rọ́bà náà gan-an. Mo rántí ẹni tó gún un: oníná kan náà yìí, ní àkókò tó kọjá, tó ń fi ẹnu mítà wá iná. Omi ajílẹ̀ àti oògùn gba ihò yẹn wọlé, ó ń rìn láàárín fọ́nrán lọ. Mo ya fọ́tò ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin náà, mo rò pé ó máa jiyàn. Ó ní "Àwa la fà á, sà." Inú mi rọ̀.

Ó ní kí n gé e títí bàbà tó ń dán á fi yọ, kí n má lẹ téépù lásán, kí n fi irin tẹ ojú ẹ̀ pa pọ̀ dípò kí n fi òjé jó o, torí ojú jíjó máa ń le, ó sì máa ń kán níbi tó bá ń mì, kí n wá fi rọ́bà oníglúù tí wọ́n ń fi iná mú sún kì bò ó, kí n sì jẹ́ kí wáyà ká díẹ̀ níbi híńjì. Èyí tó ti ilé-iṣẹ́ wá, ó le kankan bí okùn ìlù. Ta ló ń ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sórí ohun tó ń ká tó ń nà lójoojúmọ́?

Owó fálùfù, wọn ò dá a padà. Wọ́n ní ohun tá a bá ti dè mọ́ ẹ̀rọ, ó ti di tẹni. Mi ò tún ní ra nǹkan kan lọ́wọ́ wọn.

Fálùfù tó "kú" ṣì wà nínú àpótí irinṣẹ́ mi, mo fi kan bátìrì lánàá, ó yí wẹ́rẹ́.